Àsáró Abẹ́ Fìlà: Èrò Òǹkàwé Kan lórí Ìtàn-Àròsọ Amúnifòyà

Ìfáárà

Láti ìgbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, tí Kọ́lá Akínlàdé náà sì kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti Owó Ẹ̀jẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ni àwọn lámèyítọ́ ti ya ìtàn-àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan pàtàkì lára ìsọ̀rí ìtàn-àròsọ Yorùbá. N kò bá wọn jiyàn lórí èyí. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ àwọn ìwé náà ní kíláàsì. Ìbéèrè tí ó sábà máa ń wà lójú pátákó ni pé: ta ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà, báwo sì ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe rí i mú? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti gbọ́ ìdáhùn méjèèjì lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tún ní ìdí kankan láti ṣí ìwé mọ́. Mo ti bá irú wọn pàdé, wọn kò sì kéré níye. Wọ́n mọ orúkọ olè, wọ́n gba máàkì, ṣùgbọ́n ìwé náà kò dẹ́rù bà wọ́n rí.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni pé àṣírí kọ́ ni ẹ̀mí ìtàn amúnifòyà. Ẹ̀mí rẹ̀ ni ìmọ̀: kí òǹkàwé mọ ohun tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn kan kò mọ̀, kí ó sì máa dúró de ìgbà tí yóò tú sí wọn lójú. Nígbà tí ìtàn náà bá wá dá lórí inú ọkàn ẹ̀dá, nǹkan mìíràn tún wọ̀ ọ́: òǹkàwé yóò bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ẹni tí kò yẹ kí ó gbè lẹ́yìn.

Orúkọ tí a ó pe irú ìtàn yìí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin wa. ‘Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́’ kò kó o já, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé tí mo ní lọ́kàn ni kò ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan gbòógì nínú, bí ó bá sì wà, ẹ̀yìn ni ó ń wọ́ bọ̀. ‘Ìtàn amúnifòyà’ ni n óò máa lò, n óò sì máa pe dídúró de ohun tí ń bọ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkàn òǹkàwé balẹ̀, ní ‘ìfojúsọ́nà’.

Fìlà Ìjàpá

Gbogbo wa ni a mọ àlọ́ Ìjàpá tí ó lọ kí àwọn àna rẹ̀. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń se àsáró. Nígbà tí ojú kúrò lára ìkòkò, ó bu àsáró gbígbóná sínú fìlà, ó dé e mọ́ orí, ó ní òun ń lọ sílé. Àwọn àna tí wọ́n mọ àpọ́nlé ní àwọn yóò sìn ín sọ́nà. Ibi tí àlọ́ náà ti dùn jù nìyí. Ìjàpá ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà, wọ́n ní ó tì o. Ó tún bẹ̀ wọ́n, wọ́n tún bá a rìn síwájú díẹ̀ sí i. Òógùn bo Ìjàpá, ó ń fi orí gbọ̀n, àwọn àna rẹ̀ sì ń bèèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Kò sí ọmọdé kan tí ó ń bèèrè ẹni tí ó jí àsáró. Gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó so wọ́n mọ́lẹ̀ lórí ẹní ni ooru tí ń bẹ lábẹ́ fìlà àti àna tí kò fẹ́ padà. Mo tún fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan tí a kì í sábà mẹ́nu bà nígbà tí a bá ń sọ ẹ̀kọ́ inú àlọ́ yìí. Olè ni Ìjàpá, ìtìjú rẹ̀ sì tọ́ sí i. Síbẹ̀, bí ó ti ń bẹ̀ wọ́n, àwọn ọmọ tí ń gbọ́ àlọ́ náà ń bá a bẹ̀. Ojú ń ta wọ́n. Wọn kò fẹ́ kí fìlà ṣí, wọ́n sì fẹ́ kí ó ṣí. Ìfà-síhìn-ín-fà-sọ́hùn-ún ọkàn yìí ni gbogbo òǹkọ̀wé ìtàn amúnifòyà ń wá kiri.

Alfred Hitchcock, gbajúmọ̀ olùdarí fíìmù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú àlàyé yìí fún François Truffaut, ọmọ ilẹ̀ Faransé, nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wọn ti 1962, èyí tí ó di ìwé ní 1966. Ó ní bí àwọn ènìyàn bá jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, tí bọ́ǹbù sì dédé bú gbàmù lábẹ́ rẹ̀, olùwòran yóò ta gìrì fún ìṣẹ́jú àáyá 15 péré. Ṣùgbọ́n bí olùwòran bá ti rí ẹni tí ó gbé bọ́ǹbù náà síbẹ̀, tí ó sì mọ àkókò tí yóò bú, ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n ń sọ nídìí tábìlì náà yóò gbé ọkàn rẹ̀ sókè fún odidi ìṣẹ́jú 15. Àsáró abẹ́ fìlà ni bọ́ǹbù abẹ́ tábìlì náà. Àwọn àna tí ń kí Ìjàpá pé ó dàárọ̀ ni àwọn tí ń tàkúrọ̀sọ.

Ìdí nìyí tí n kì í fi í ka ìwé tí gbogbo agbára rẹ̀ wà ní ojú-ewé ìkẹyìn sí púpọ̀. Mo ka ọ̀pọ̀ nínú wọn, mo gbádùn wọn bí ẹni jẹ gúgúrú, n kò sì rántí wọn mọ́. Mo yọ The Murder of Roger Ackroyd tí Agatha Christie kọ ní 1926 sílẹ̀ o, nítorí ọ̀nà ìsọ̀tàn rẹ̀ gan-an ni ó gbé àṣírí náà pọ̀n. Ẹni tí ó bá kà á lẹ́ẹ̀kejì yóò rí i pé ìwé mìíràn ni òun ń kà. N kò ní sọ ẹni tí ó pa Ackroyd fún ẹni tí kò tíì kà á. Àwọn ìwé tí n óò sọ̀rọ̀ lé lórí nísinsìnyí kò nílò irú àánú bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí títú àṣírí wọn yóò bù kù lára wọn.

Nígbà tí òǹkàwé bá di abánipète

Rebecca, tí Daphne du Maurier tẹ̀ jáde ní 1938, ni mo máa ń fi dán èrò yìí wò. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí a kò dárúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé títí dé òpin ni ó ń sọ̀tàn ní ìlànà ojúmilóṣe. Ó fẹ́ Maxim de Winter, olówó tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Rebecca, ti kú. Fún apá tí ó pọ̀ jù nínú ìwé náà, a rò pé Rebecca tí ó ti kú ni ó ń dẹ́rù bani nínú ilé náà: Mrs Danvers, alábòójútó ilé, ń fi ìrántí rẹ̀ na ìyàwó tuntun lẹ́gba lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi Rebecca àti òkú rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, Maxim sì jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ni òun yìnbọn pa á. Òǹkọ̀wé mìíràn ìbá fi àṣírí yìí parí ìwé. Ti du Maurier kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí àṣírí ti tú ni ìfòyà tòótọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Pé ọkọ rẹ̀ pànìyàn kọ́ ni ó gba ọkàn ìyàwó tuntun. Ohun tí ó gbọ́ nínú ìjẹ́wọ́ náà ni pé ọkọ òun kò fẹ́ràn Rebecca rí, inú rẹ̀ sì dùn. Láti ibẹ̀ lọ, àwa òǹkàwé ń gbàdúrà kí àwọn tí ń wádìí ikú náà má rí òtítọ́.

Nígbà tí Hitchcock sọ ìwé yìí di fíìmù ní 1940, òfin tí àwọn onífíìmù Hollywood fi de ara wọn kò gbà kí ọkọ pa aya kí ó sì mú un jẹ. Wọ́n yí i padà: Rebecca ṣubú, ó fi orí gbá, ó kú. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù tí ó dára jù lọ, iṣẹ́ ọwọ́ ńlá sì ni. Síbẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀ tí olùwòran yóò bá Maxim rù. Wọ́n ti da àsáró nù. Fìlà nìkan ni ó kù.

Patricia Highsmith, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ rárá ní tirẹ̀. Nínú The Talented Mr. Ripley (1955), ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan rán Tom Ripley, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò rí ọwọ́ họrí, lọ sí ilẹ̀ Ítálì láti lọ rọ ọmọ rẹ̀, Dickie Greenleaf, kí ó padà wálé. Tom dé ibẹ̀, ayé Dickie wọ̀ ọ́ lójú, ó pa Dickie nínú ọkọ̀ ojú omi ní San Remo, ó sì sọ ara rẹ̀ di Dickie: ó wọ aṣọ rẹ̀, ó fi òrùka rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń tọwọ́ bọ ìwé ní orúkọ rẹ̀ kí ó lè rí owó rẹ̀ gbà. Ojú wa ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹnu òǹsọ̀tàn tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tom ni a ti ń gbọ́ ìtàn. Ohun tí Tom rí ni a rí, ohun tí ó ń bẹ̀rù ni à ń bẹ̀rù.

Ibì kan wà nínú ìwé náà tí mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ mọ iṣẹ́ ìfojúsọ́nà kà. Marge, ọ̀rẹ́bìnrin Dickie, wà ní ilé Tom ní Venice. Ó ṣèèṣì rí àwọn òrùka Dickie nínú àpótí kékeré kan. Ènìyàn kì í bọ́ òrùka tí ó fẹ́ràn sílẹ̀ kí ó sì máa rìnrìn àjò. Bàtà Tom wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń rò ó bí òun yóò ṣe fi gìgísẹ̀ bàtà náà pa obìnrin yìí, ohun tí òun yóò sọ, ibi tí òun yóò gbé òkú sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu Marge ni yóò sọ bóyá yóò kú tàbí yóò yè. Marge ronú, ó wá sọ pé bóyá Dickie ti pa ara rẹ̀ ni. Ó yè é. Kò sì mọ̀ títí tí ìwé fi parí pé ikú ti bá òun dúró nínú yàrá. Èmi tí mo kà á mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ ọkàn ara mi wò, kì í ṣe nítorí Marge nìkan ni mo ṣe mí kanlẹ̀. Inú mi dùn pé àṣírí Tom kò tú. Highsmith kò bá wa wí nítorí èyí. Tom bọ́ lọ́wọ́ òfin, ó dé ilẹ̀ Gíríìsì, ogún Dickie sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù nìkan ni ìyà rẹ̀: ibikíbi tí ó bá ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ń fojú inú rí ọlọ́pàá tí ń dúró dè é ní èbúté.

Ìwé mẹ́rin ni Highsmith tún kọ nípa Ripley, èyí tí ó kẹ́yìn sì jáde ní 1991. Lójú tèmi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tó àkọ́kọ́, nítorí pé pípa ènìyàn ti mọ́ Ripley lára, ooru abẹ́ fìlà sì ti lọ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irú ìtàn yìí jẹ mọ́ àwọn òyìnbó nìkan, kí ó ka My Sister, the Serial Killer tí Oyinkan Braithwaite gbé jáde ní 2018, tí ó wọ àkójọ orúkọ gígùn fún ẹ̀bùn Booker ní 2019. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Èkó ni ibùdó ìtàn náà, ilé Yorùbá sì ni. Kóredé, nọ́ọ̀sì tí ìmọ́tótó jẹ lógún, ni ó ń sọ̀tàn. Àbúrò rẹ̀, Ayọ̀ọlá, arẹwà tí gbogbo ọkùnrin ń wò, pè é lórí fóònù pé òun ti pa Fẹ́mi, ọ̀rẹ́kùnrin òun. Ẹnìkẹta nìyí. Kóredé gbé ọṣẹ àti ògùn ìfọ̀dọ̀tí, ó lọ fọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì lọ ju òkú náà sínú ọ̀sà láti orí afárá Third Mainland. Ẹ wo orúkọ náà: Kóredé, ẹni tí wọ́n ní kí ó kó ire dé, òkú ni ó ń kó lọ.

Àwọn lámèyítọ́ tí ó kọ Gẹ̀ẹ́sì yin ìwé yìí fún ẹ̀fẹ̀ àti eré rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé òǹkàwé Yorùbá rí nǹkan kan níbẹ̀ tí ó lè fo ẹlòmíràn dá. Kí ni ó dé tí Kóredé kò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá? Òǹkọ̀wé kò ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa púpọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ayọ̀ọlá ni ìyá wọn ti kọ́ Kóredé pé ẹ̀gbọ́n ni ó ń tọ́jú àbúrò. Bí àbúrò bá fọ́ àwo, ẹ̀gbọ́n ni wọn yóò bi pé níbo ni ojú rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo àkọ́bí ilé Yorùbá ti gbọ́ rí nìyí, Braithwaite sì fà á gùn títí ó fi kan ìpànìyàn. Ìfòyà inú ìwé náà kò ti ọ̀bẹ wá tó bí ó ti ti ẹ̀tọ́ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò wá. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Nínú ìwé yìí, òwe náà dẹ́rù bani.

Bọ́ǹbù abẹ́ tábìlì nínú ìtàn náà ni Tádé, dókítà tí Kóredé fẹ́ràn láìsọ. Ayọ̀ọlá yọjú sí ilé ìwòsàn, Tádé rí i, ọ̀rọ̀ parí. Kóredé mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin tí ó bá fẹ́ àbúrò òun. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Tádé nìkan ni kò mọ̀. Nígbà tí Kóredé kìlọ̀ fún un, ó rò pé owú ni. Ẹni kan ṣoṣo tí Kóredé lè tú ọkàn rẹ̀ fún ni Muhtar, aláìsàn tí ó ti dákú fún ìgbà pípẹ́, Muhtar sì wá jí. Baba àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, tí ó ti kú, jẹ́ òǹrorò. Ọ̀bẹ rẹ̀ ni Ayọ̀ọlá ń lò. Braithwaite kò sọ pé ìyà baba wọn wẹ Ayọ̀ọlá mọ́. Ó kàn gbé ìyà náà sílẹ̀ fún wa pẹ̀lú àwọn òkú, ó ní kí a fúnra wa wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ó wá di dandan kí Kóredé sọ òtítọ́ tàbí kí ó gbè sẹ́yìn àbúrò rẹ̀, ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ni ó wà. Mo mọ̀ pé ohun tí ó ṣe burú. N kò lè búra pé n kò ní ṣe é.

Ta ni a gbé ẹnu fún?

Mo mọ àtakò tí ọ̀rọ̀ yìí yóò bí. Ìtàn Yorùbá máa ń kọ́ ni lẹ́kọ̀ọ́. Kí ni ó dé tí olùkọ́ yóò fi ìwé tí ń mú ènìyàn gbè sẹ́yìn apànìyàn lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́? Irú ẹ̀rù yìí kan náà ni ó mú àwọn onífíìmù ṣẹ́ ẹsẹ̀ Rebecca ní 1940. Èsì tèmi ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti rí i pé ọkàn òun gbè sẹ́yìn Ripley nínú ìwé ti mọ ohun kan nípa ara rẹ̀ tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó mú olè ní orí kẹwàá kò lè kọ́ ọ.

Ọ̀nà ìsọ̀tàn yìí kò sì ṣàjèjì sí wa. Ìwé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó jẹ́ ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, tí Isaac B. Thomas kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàrin 1929 sí 1930, ẹnu ẹlẹ́ṣẹ̀ fúnra rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ. Aṣẹ́wó tí àìsàn ti wó mọ́lẹ̀ ni ó ń ka ìgbésí ayé rẹ̀ sílẹ̀, àwọn òǹkàwé Èkó sì ń dúró de ìwé ìròyìn tí yóò tún jáde; àwọn kan gbà pé ènìyàn gidi ni, wọ́n sì kọ lẹ́tà nípa rẹ̀. Gbogbo wọn mọ ibi tí ayé Sẹ̀gilọlá já sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kà á síbẹ̀.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìtàn ọ̀ràn dídá dé, ẹni tí ń lépa ọ̀daràn ni a gbé ẹnu fún? Nínú ìwé Akínlàdé, ẹ̀yìn Akin Olúṣínà ni òǹkàwé ń tọ̀. Ìta ni a ti ń wo ọ̀daràn. Òkédìjí fi ọgbọ́n inú èdè àti ewu ojú ọ̀nà mú wa bẹ̀rù fún Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tí òun àti àwọn ọlọ́pàá kì í ṣe ọ̀rẹ́ tán, ó sì tilẹ̀ ṣe é débi pé Tàfá Ìgírípá tí ń bá a rìn mú wa rẹ́rìn-ín níbi tí ó yẹ kí àyà wa máa já. Síbẹ̀, Atótó Arére rẹ̀ ti 1981 ni ó súnmọ́ ohun tí mo ń wí jù lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni ó ti kúrò lẹ́yìn ẹni tí ń lépa, tí ó tẹ̀ lé ọmọ tí ń di ọ̀daràn lójú wa. Ó yà mí lẹ́nu pé Lápàdé ni a ṣì fi ń dá Òkédìjí mọ̀ jù ní kíláàsì wa.

Ìwé Akínlàdé náà kò ní láti di ìwé tí a ń torí ìdáhùn kà. Olùkọ́ lè sọ orúkọ ọ̀daràn inú Owó Ẹ̀jẹ̀ fún kíláàsì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó kọ ọ́ sójú pátákó, kí ó tó ní kí wọ́n máa kà á. Nígbà tí wọ́n bá ka ìdajì, kí wọ́n pa ìwé dé, kí olúkúlùkù kọ ojú-ewé méjì ní ohùn ọ̀daràn náà: alẹ́ ọjọ́ tí ó gbọ́ pé Akin Olúṣínà ti wọ ìlú, ohun tí ó jẹ, ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀, bí ó ṣe sùn, bí ó bá sùn.